Gíríkì àti Látìn nílé ìwé: àwọn ìbéèrè tí òbí àti akẹ́kọ̀ọ́ máa ń bi mí

Ọjọ́ Sátidé ni mo máa ń kọ́ àwọn ọmọ ní Látìn, n'Íbàdàn níbí, mo sì ń fi Gíríkì díẹ̀ kún un fún àwọn tó ti dàgbà. Kò sí ọ̀sẹ̀ tí òbí kan kì í dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà láti béèrè nǹkan. Àwọn ìbéèrè náà ni mo kó jọ síbí, bí mo sì ṣe máa ń dá wọn lóhùn lójúkojú náà ni mo ṣe kọ ọ́.

Tíṣà, ta ló tún ń sọ èdè wọ̀nyí?

Látìn, èdè àwọn ará Róòmù àtijọ́, kì í ṣe èdè abínibí ẹnikẹ́ni mọ́. Ó ti di Faransé, ó ti di èdè Ítálì, ti Spéènì àti ti Potogí. Wọ́n ṣì ń sọ Gíríkì ní Gíríìsì àti ní erékùṣù Kípírọ́ọ̀sì, àmọ́ ti àtijọ́ tí à ń kọ́ yìí, àwọn ọmọ Gíríìsì fúnra wọn ń lọ sí kíláàsì kí wọ́n tó gbọ́ ọ. A kì í kọ́ èdè méjèèjì yìí láti fi ná ọjà. À ń kọ́ wọn láti kàwé ni, torí ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ láàárín ẹgbẹ̀rún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ kò lóǹkà, ó sì wà níbẹ̀ títí dòní.

Ṣé ọmọ tó ń sọ Yorùbá lè kọ́ ọ? Wọ́n ní ó le gan-an.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tó ti le. Ní Yorùbá, ipò tí ọ̀rọ̀ wà ló ń sọ ẹni tó ṣe nǹkan àti ẹni tí wọ́n ṣe é sí. “Adé na Olú” kì í ṣe “Olú na Adé”. Ní Látìn, ìparí ọ̀rọ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. *Canis puerum mordet*: ajá ń bu ọmọ jẹ. Ẹ gbé ọ̀rọ̀ náà sí ibi tó bá wù yín, ẹ pè é ní *puerum canis mordet*, ẹ pè é ní *mordet puerum canis*, ajá yẹn náà ló ṣì ń bu ọmọ jẹ, torí *-um* tó kẹ́yìn *puerum* ti sọ pé ọmọ ni wọ́n ń bù jẹ. Bí ẹ bá fẹ́ kí ọmọ bu ajá jẹ, àfi kí ẹ pa ìparí dà: *puer canem mordet*. Ọjọ́ tí mo bá kọ èyí sójú pátákó, àwọn ọmọ á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà kíláàsì á dákẹ́, ojú gbogbo wọn á wà lára *-um* yẹn. Ìgbà tí wọ́n bá dákẹ́ báyìí ni mo máa ń mọ̀ pé ó ti ń yé wọn.

Ibi tó rọrùn fún ọmọ Yorùbá ni òǹkà. Báwo ni ará Róòmù ṣe ń pe 18? *Duodeviginti*, ìyẹn ni pé méjì dín lógún. 19 ńkọ́? *Undeviginti*, ọ̀kan dín lógún. Ọmọ tó ń ka ení, èjì, ẹ̀ta dé ogún láìṣì í kò ní kọsẹ̀ níbẹ̀ rárá. Èyí tó jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló fi ń kà á ló máa ń bi mí pé kí ló dé tí wọ́n ń yọ dípò kí wọ́n máa fi kún un. Tiwa tiẹ̀ jù tiwọn lọ: láti 15 ni àwa ti ń yọ, 18 ni àwọn tó bẹ̀rẹ̀.

Ohun kan wà tó máa ń ya àwọn ọmọ lẹ́nu. Kò sí “ẹ” ọ̀wọ̀ nínú Látìn ìgbà yẹn. *Tu* ni wọ́n ń pe ẹrú, *tu* náà ni wọ́n ń pe ọba Róòmù. Ọmọbìnrin kan sọ fún mi pé òun ò lè sọ ọ́ lẹ́nu. Mo ní kó sọ ọ́, pé àṣà wọn nìyẹn.

Mo gbọ́ pé ẹ máa ń sọ pé àmì ohùn Yorùbá ti ọ̀dọ̀ àwọn Gíríkì wá. Ṣé òótọ́ ni?

Òótọ́ ni, ìbéèrè tí mo sì fẹ́ràn jù lọ nìyí. Àmì tí a ń kọ sórí *bá* àti *bà*, àwọn Gíríkì ló kọ́kọ́ lò ó. Gíríkì àtijọ́ ní ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀. Nígbà tí èdè náà ti tàn dé ọ̀dọ̀ àwọn àjèjì tí wọn kò mọ bí ohùn ṣe ń lọ, àwọn onímọ̀ ní Alẹkisáńdíríà, ní ilẹ̀ Íjíbítì, bẹ̀rẹ̀ sí í fi àmì sórí ọ̀rọ̀. Ìtàn fi í ṣe ti Aristophanes ará Byzantium, olórí ilé ìkàwé ńlá ibẹ̀, ní nǹkan bí 200 ọdún ṣáájú ìbí Kristi. Àmì kan fún òkè, òmíràn fún ìsàlẹ̀. Nígbà tí Samuel Ajayi Crowther àti àwọn míṣọ́nnárì CMS ń kọ Yorùbá sílẹ̀ láàárín ọdún 1800 sí 1900, àmì tí wọ́n ti mọ̀ nínú Gíríkì náà ni wọ́n rí tó bá ohùn wa mu.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ méjì yìí: *bíos* àti *biós*. Lẹ́tà kan náà ni. Tí ohùn òkè bá wà ní ìbẹ̀rẹ̀, ìyè ni. Tó bá wà ní ìparí, ọrun ni, ọrun tí ọdẹ fi ń ta ọfà. Ọlọ́gbọ́n kan wà ní Éfésù ní nǹkan bí 500 ọdún ṣáájú ìbí Kristi, Heraclitus lorúkọ rẹ̀. Ó ní orúkọ ọrun ni ìyè, ṣùgbọ́n ikú ni iṣẹ́ rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ kíláàsì lágbàáyé, tíṣà ní láti ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí títí kí adùn rẹ̀ tó jáde. Ní tèmi, mo kàn kọ *ọrun*, *ọ̀run* àti *ọrùn* sójú pátákó, mo sì kọ *bíos* àti *biós* sí abẹ́ wọn. Kò sí ẹni tó béèrè ohunkóhun.

Kì í ṣe pé ohùn Gíríkì rí bíi tiwa gẹ́lẹ́ o. Tiwa, gbogbo sílébù ló ní ohùn tirẹ̀. Tiwọn, ibì kan ṣoṣo ló máa ń ga jù lọ nínú ọ̀rọ̀ kan. Ohùn náà sì ti kú lẹ́nu wọn tipẹ́, Gíríkì òde òní kì í lò ó mọ́. Ìdí nìyẹn tí ó fi dá mi lójú pé ọmọ Yorùbá tó bá fara balẹ̀ lè ka ewì Homer, akéwì Gíríkì àtijọ́, sókè ní ohùn tó sún mọ́ ti àtijọ́ ju bí ọ̀pọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yúróòpù ṣe ń kà á lọ. Mo ti gbọ́ ọ létí ara mi ní kíláàsì.

Èdè amúnisìn kọ́ nìyẹn? Kí ló kan Áfíríkà níbẹ̀?

Áfíríkà wà nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Káthéèjì, tó wà ní ilẹ̀ Tùníṣíà báyìí, ni wọ́n ti mú Terence lọ sí Róòmù gẹ́gẹ́ bí ẹrú. Ó di òǹkọ̀wé eré tí gbogbo ọmọ iléèwé Róòmù ń kà. Òun ló kọ ọ́ pé: *Homo sum, humani nihil a me alienum puto*. Ènìyàn ni mí, kò sí ohun tó jẹ́ ti ènìyàn tó ṣàjòjì sí mi. Augustine, tí àwọn ìjọ ṣì ń kà títí dòní, ilẹ̀ Àlùjéríà ni wọ́n ti bí i ní 354. Septimius Severus tó jọba ní Róòmù láti 193 sí 211, ọmọ Leptis Magna ní Líbíà ni.

Ẹ wá wo ìgbà tó sún mọ́ wa. Anton Wilhelm Amo, ọmọ Axim ní Gánà, tí wọ́n gbé lọ sí Jámánì ní kékeré, Látìn ló fi kọ iṣẹ́ ìwádìí tó fi gboyè ní yunifásítì Wittenberg ní 1734. William Sanders Scarborough, ẹrú ni wọ́n bí i sí ní Macon, ní ìpínlẹ̀ Georgia ní Amẹ́ríkà, ní 1852. Ní 1881 ó tẹ ìwé tó ń kọ́ni ní Gíríkì jáde. Lásìkò yẹn, àwọn kan ń sọ gbangba pé ọpọlọ aláwọ̀ dúdú kò lè gbé Gíríkì. Ìwé ni Scarborough fi dá wọn lóhùn. Tí ẹnì kan bá wá sọ fún ọmọ mi lónìí pé kì í ṣe tirẹ̀, orúkọ àwọn wọ̀nyí ni màá kà sí i létí.

N kò sì ní parọ́ fún yín: wọ́n fi Látìn ṣe ajọ̀ nílẹ̀ wa. Ẹni tí kò bá gbọ́ ọ, ọ̀pọ̀ ilẹ̀kùn ló ti pa mọ́ ọn lójú. Oxford àti Cambridge kò gba ẹni tí kò ní in títí di nǹkan bí 1960. Ohun tó burú ni wọ́n ṣe níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀bi náà kò sí lọ́rùn èdè.

Bàbá àgbà mi máa ń ka Látìn sókè látorí. Níbo ni wọ́n ti kọ́ ọ?

Nílé ẹ̀kọ́ gírámà ni. CMS Grammar School tó bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó ní 1859 ní Látìn àti Gíríkì nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Thomas Babington Macaulay, àna Crowther, ni ọ̀gá àgbà rẹ̀ àkọ́kọ́. Crowther fúnra rẹ̀ ti kọ́ èdè méjèèjì ní Fourah Bay, ní Sàró, ó sì kọ́ èdè Tẹ́mínì mọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n dá kọ́lẹ́ẹ̀jì yunifásítì sílẹ̀ n'Íbàdàn ní 1948, ẹ̀ka tó ń kọ́ni ní Gíríkì àti Látìn wà lára rẹ̀. Wole Soyinka kọ́ Gíríkì níbẹ̀. Christopher Okigbo gboyè níbẹ̀ ní 1956. Ẹ̀ka náà ṣì wà níbẹ̀ dòní. Ní ti ilé ẹ̀kọ́ girama, Látìn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán níbẹ̀ pátápátá.

Ọmọ mi fẹ́ ṣe sáyẹ́ǹsì. Kí ló fẹ́ fi Látìn ṣe?

Ẹ bá mi dé ẹ̀yìnkùlé. Ewé kan náà lè ní orúkọ kan n'Íjẹ̀bú, kó ní òmíràn l'Ékìtì. Orúkọ Látìn ni gbogbo ayé fi ń mọ̀ pé ohun kan náà ni wọ́n ń sọ, orúkọ náà sì ń ṣàpèjúwe nǹkan. Igi osè ni *Adansonia digitata*: *digitus* ni ìka, torí ewé rẹ̀ là bí ìka ọwọ́. Ẹfinrin ni *Ocimum gratissimum*: *gratissimum* ni èyí tó wu ni jù lọ, ẹni tó bá sì ti fọwọ́ ra ewé ẹfinrin rí mọ ohun tí wọ́n rí tí wọ́n fi sọ bẹ́ẹ̀. Ewúro ni *Vernonia amygdalina*, ewé rẹ̀ jọ ti álímọ́ńdì. Obì gbàǹja ni *Cola nitida*, èyí tó ń dán. Ọ̀pẹ ni *Elaeis guineensis*: *elaia* ni Gíríkì ń pe igi ólífì, torí igi elépo ni àwọn méjèèjì. Iṣu ni *Dioscorea*, orúkọ Dioscorides ni wọ́n fi sọ ọ́, oníṣègùn Gíríkì tó kọ ìwé ńlá lórí ewé àti egbò ní ọ̀rúndún kìíní.

Mo máa ń mú ilá, ẹ̀gẹ́ àti kókò wá sí kíláàsì. Ẹ̀gẹ́ ni *Manihot esculenta*, kókò ni *Colocasia esculenta*, ilá ni *Abelmoschus esculentus*. “Tó ṣeé jẹ” ni ìtumọ̀ rẹ̀ lára mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kí ló wá dé tí ilá fi gba *-us*, tí àwọn méjì tó kù gba *-a*? Torí pé ní Látìn, ọ̀rọ̀ orúkọ lè jẹ́ akọ, ó lè jẹ́ abo, ó sì lè má jẹ́ ọ̀kankan nínú méjèèjì, ọ̀rọ̀ tó ń pọ́n ọn sì ní láti bá a rìn. Yorùbá kò ní irú èyí rárá, “ó” la fi ń pe ọkùnrin àti obìnrin. Ọmọ tó bá ti fọwọ́ kan ilá yẹn, tó sì pe *esculentus*, kò ní gbàgbé òfin yẹn mọ́.

Dókítà àti lọ́yà ńkọ́?

Ẹ wo ìwé oògùn tí wọ́n kọ fún yín ní ilé ìwòsàn. *bd* ni *bis die*, ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́. *tds* ni *ter die sumendum*, kí a lò ó lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́. *Nocte*, ní alẹ́. *Stat* ni *statim*, lójú ẹsẹ̀. Ní kóòtù, nígbà tí wọ́n bá ní ẹnì kan kò ní *locus standi*, àyè ìdúró ni wọ́n ń sọ: kò ní ibi tó máa dúró sí nínú ẹjọ́ náà. Wọ́n tún lè sún ẹjọ́ síwájú *sine die*, láìdá ọjọ́. Dókítà àti lọ́yà lè há gbogbo èyí sórí láìkọ́ Látìn, ọ̀pọ̀ wọn ló sì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tó bá gbọ́ ọ kò ní láti há a sórí.

Pásítọ̀ wa ní Gíríkì ṣe pàtàkì fún Bíbélì. Báwo?

Gíríkì ni wọ́n fi kọ Májẹ̀mú Tuntun. Ohun tó máa ń dùn mọ́ mi ni bí àwọn tó túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá ṣe ṣiṣẹ́. *Euangelion*: *eu* ni rere, *angelion* ni ìhìn. Látìn kàn yá ọ̀rọ̀ náà lò bó ṣe wà. Yorùbá tú u palẹ̀, ó ní ìhìnrere. *Apokalypsis* ni ká ṣí ìbòrí kúrò lára nǹkan, Yorùbá pè é ní Ìfihàn, ó bá a mu rẹ́gí. Ọ̀rọ̀ Gíríkì fún ẹlẹ́rìí ni *mártys*, èyí tí wọ́n wá ń lò lẹ́yìn náà fún ẹni tí wọ́n pa nítorí ìgbàgbọ́. Nígbà tí Jésù ní “ẹ ó sì máa ṣe ẹlẹ́rìí mi” nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 1:8, ọ̀rọ̀ yẹn ló wà níbẹ̀. Ẹni tó mọ èyí máa ka ẹsẹ Bíbélì yẹn pẹ̀lú ẹ̀rù díẹ̀.

Ìtàn àti ewì wọn, ṣé ó lè wọ ọmọ wa lára?

Ó ti wọ ara wa tipẹ́. Ní 1968, n'Ílé-Ifẹ̀, Ola Rotimi gbé eré *The Gods Are Not to Blame* jáde: ìtàn Oedipus ni, ọmọ tí wọ́n ti sọ kí ó tó mọ̀ pé yóò pa bàbá rẹ̀, yóò sì fẹ́ ìyá rẹ̀. Rotimi sọ ọ́ di Ọdẹwálé, ọba Kútùjẹ. Àwọn tó wò ó kò nílò àlàyé ohun tí ìpín jẹ́. Femi Osofisan mú eré tí Euripides gbé jáde ní Áténì ní 415 ṣáájú ìbí Kristi, nípa àwọn obìnrin Troy lẹ́yìn tí ogun ti kó ìlú wọn, ó fi kọ *Women of Owu* ní 2004. Òwu tí ogun Ifẹ̀ àti Ìjẹ̀bú pẹ̀lú àwọn ará Ọ̀yọ́ tí ogun lé wá sọ di ahoro ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn. Mo ka méjèèjì fún àwọn ọmọ tó dàgbà díẹ̀. Ẹkún ìyá tó pàdánù ọmọ kò nílò ògbufọ̀.

Homer ńkọ́? Ìbà ló fi bẹ̀rẹ̀. Ó ké pe òrìṣà orin kó tó sọ ohunkóhun, bí oníjàlá ṣe ń júbà kó tó la ẹnu. Akíkanjú kọ̀ọ̀kan ló ní oríkì tirẹ̀: Achilles ẹlẹ́sẹ̀ yíyá, Odysseus ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́, òwúrọ̀ oníka pupa bíi rósì. Ní àwọn ọdún 1930, Milman Parry ará Amẹ́ríkà lọ gbọ́ àwọn akọrin ní Yugosláfíà, ó sì ti ara wọn fi hàn pé oríkì wọ̀nyí ni akéwì fi ń rí ọ̀rọ̀ tó bá ìlù ewì mu láìkọ ọ́ sílẹ̀. Ọmọ tó ti jókòó nídìí ìyá àgbà tó ń kì í láàárọ̀ máa rí i pé òun ti mọ nǹkan yìí.

Ṣé kò ní pa Yorùbá lára? Àwọn ọmọ ò tiẹ̀ gbọ́ Yorùbá dáadáa mọ́.

Ẹ̀rù tó yẹ kó bà yín nìyí, ó ń ba èmi náà. Mo rántí iléèwé tí èmi náà lọ. Ẹni tó bá sọ Yorùbá níbẹ̀ á san owó ìtanràn, wọ́n á tún so pátákó mọ́ ọn lọ́rùn. Ọgbẹ́ yẹn kò tíì san lára mi. Bí ilé ẹ̀kọ́ kan bá fẹ́ mú Látìn wọlé kó sì yọ Yorùbá kúrò, èmi ni màá kọ́kọ́ lọ bá wọn jà.

Àmọ́ ohun tí mo ń rí ní kíláàsì yàtọ̀. Ọmọ tí kò bìkítà nípa àmì ohùn tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi í sí orí ọ̀rọ̀ Yorùbá nígbà tó gbọ́ pé àmì náà ti ju ẹgbẹ̀rún méjì ọdún lọ. Òmíràn lọ bá bàbá rẹ̀ pé kí ló dé tí Yorùbá kò ní akọ àti abo. Bàbá náà pè mí lórí fóònù, ó ní òun kò tíì ronú kan ìbéèrè yẹn rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí òun. Ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ òbí kò ju ẹyọ kan lọ: kí wọ́n máa sọ Yorùbá nílé, torí Yorùbá ni mo fi ń ṣàlàyé.

Ṣé ó máa rí iṣẹ́?

Látìn nìkan kò fún ẹnikẹ́ni níṣẹ́, ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ fún yín ń tàn yín ni. Ohun tó ń fúnni ni ojú tí ń wo lẹ́tà kan kó tó fẹnu sọ ohun tó rí. Lọ́yà nílò rẹ̀, olóòtú ìwé ìròyìn nílò rẹ̀, àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà náà nílò rẹ̀.

Èwo ni kó kọ́kọ́ kọ́?

Látìn. Ábídí rẹ̀ la ti mọ̀. Gíríkì ní lẹ́tà 24 tirẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ tó ti pàdé π àti θ nínú ìṣirò ti mọ díẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kànlá tàbí méjìlá ti tó bẹ̀rẹ̀.

Èló ni máa ná, ibo sì ni màá ti rí i?

Kò wọ́n. Duolingo ní Látìn, ọ̀fẹ́ ni, kò gùn ṣùgbọ́n ó dáa fún ìbẹ̀rẹ̀. Perseus, tí yunifásítì Tufts ní Amẹ́ríkà ń bójú tó, ní ọ̀pọ̀ ìwé Gíríkì àti Látìn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Tẹ ọ̀rọ̀ kan, yóò sọ ìtumọ̀ rẹ̀ àti ohun tí ìparí rẹ̀ ń ṣe. Dátà ni ẹ máa fi wọlé. Ẹni tó bá fẹ́ kà á dé yunifásítì, Ìbàdàn wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ àwọn tó sì ń wọlé síbẹ̀ ni kò gbọ́ ọ rí tẹ́lẹ̀.

Lọ́ńdọ̀nù ni a wà. Wọ́n ti dá Látìn dúró níléèwé ọmọ mi.

Ẹ kú ìdààmú. Ìjọba bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní 2022 láti mú Látìn dé àwọn iléèwé ìjọba nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì dá owó rẹ̀ dúró ní ìbẹ̀rẹ̀ 2025, nígbà tí ọ̀pọ̀ ọmọ ṣì wà láàárín ẹ̀kọ́. Inú bí mi sí i, torí àwọn ọmọ tí òbí wọn lówó ṣì ń kọ́ ọ ní iléèwé àdáni. Ẹ lọ bá ọ̀gá iléèwé, ẹ ní ẹ fẹ́ kíláàsì lẹ́yìn ẹ̀kọ́. Tí òbí mẹ́fà bá bá yín fọwọ́ sí ìwé, wọn yóò fetí sílẹ̀ ju bí ẹ bá dá nìkan lọ.

Ọmọ mi ti bẹ̀rẹ̀. Oṣù kan péré, ó fẹ́ fi sílẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin sí ìkẹfà ni ìparí ọ̀rọ̀ máa ń pọ̀ lójú ọmọ. Ẹ má bá a jà. Ẹ ní kó wá kọ́ yín ní *amo, amas, amat, amamus, amatis, amant*, kí ẹ sì máa fi Yorùbá dá a lóhùn: mo fẹ́ràn, o fẹ́ràn, ó fẹ́ràn, a fẹ́ràn, ẹ fẹ́ràn, wọ́n fẹ́ràn. Ẹ ṣì í nígbà mìíràn kó lè tọ́ yín sọ́nà. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lálẹ́ ti tó. Tó bá ti di ọ̀sẹ̀ kẹjọ tí kò tíì wù ú, ẹ mú un wá bá mi ní Sátidé, màá ti gbé ilá àti kókò dání.